Àdúràolúwa, Àwọn Ọmọ Sátidé Rẹ Ṣì Ń Wá

Ọdún mẹ́ta rèé tí o lọ, Àdúràolúwa. Ọdún mẹ́ta! Ó ń ṣe wá bí ẹni pé àná la gbọ́ ọ tí ò ń kọrin nílé ìdáná, tí ò ń gbé ohùn gbà níbi tí kò yẹ kí o gbé e gbà, tí ìyá rẹ ń bẹ̀ ọ́ pé kí o jọ̀ọ́ fi orin sílẹ̀ fún àwọn akọrin.

A kò fẹ́ sunkún lónìí. Ìròyìn la fẹ́ mú wá fún ọ. Dammy, àbúrò rẹ, ti lọ sílé ọkọ, ó sì ti bí ọmọbìnrin kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún bíi tìrẹ. Seth, àbúrò rẹ ọkùnrin, ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá, ó sì ti dá irùngbọ̀n kan sí tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò fẹ́ràn àfi òun nìkan. A ti tún òrùlé ṣe. Òjò kì í wọ yàrá rẹ mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ìròyìn wa, ti bàbá rẹ ni, nítorí òun gan-an la rò pé kò ní lè dìde mọ́.

O mọ bàbá rẹ. Fọláránmi, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ títí ó fi fẹ̀yìntì, ẹni tó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì kó tó lọ ra búrẹ́dì ní ìkóríta. Ẹni tí ariwo kì í bá lára mu rárá. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí o sọ fún un pé o fẹ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, òun fúnra rẹ̀ ló wa Pijó rẹ̀ àtijọ́ jáde kúrò nínú gáréèjì, kí àyè lè gba tábìlì tẹníìsì méjì.

Ìgbà wo nìgbà yẹn! Ìbúgbàù Abúlé Àdó kò tíì kúrò létí ẹnikẹ́ni, àrùn kòrónà sì ti sé gbogbo ọmọ mọ́lé. O ní àwọn ọmọ yìí yóò ya wèrè mọ́ àwọn òbí wọn lọ́wọ́ bí wọn kò bá rí ibi tí wọn yóò ti máa ṣeré. Ìwọ tí ara rẹ kò le! Ìwọ tí a bí pẹ̀lú síkúsẹ́ẹ̀lì, tí a kì í jẹ́ kí o fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tútù! Bí dókítà bá ní kí o sinmi, wàá ní orí àga lo ti ń ṣe rẹfirí, ṣé ìjókòó kì í ṣe ìsinmi ni? Àwọn ọmọ kílóòsì wa, òpópónà kékeré tiwa ní Áfẹ́ńù Kẹrin, ń wá, àwọn ọmọ awakọ̀ àti ti àwọn télọ̀ ń wá láti Abúlé Àdó, gbogbo wọn ń gbá bọ́ọ̀lù funfun kékeré yẹn, wọ́n ń ṣe eré orí ìtàgé, wọ́n ń jó. Wọn ò bára wọn tan, ṣùgbọ́n tó bá ti di Sátidé, ìwọ ni Àǹtí Àdúrà gbogbo wọn.

Lẹ́yìn náà ni ìrora náà dé, ìrora tó le ju àwọn ti àtẹ̀yìnwá lọ, o sì lọ ní òwúrọ̀ Túsidé kan. O kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Bàbá rẹ kò sunkún níbi ìsìnkú. Ó ń kí àwọn èèyàn, ó ń ṣètò àga, ó ń béèrè bóyá àwọn alàgbà ìjọ ti jẹun. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó ti tábìlì méjèèjì mọ́ ògiri, ó wa Pijó padà sínú gáréèjì, ó sì fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé àwọn Sátidé yẹn ló mú kó rẹ̀ ọ́ títí tí ẹ̀mí fi bọ́. Kò sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀. Dókítà ti pè é jókòó, ó ti ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe eré ló fà á, pé bí àìsàn náà ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà mìíràn. Bàbá rẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó sì gbàgbé gbogbo rẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé ìsìnkú, àwọn ọmọ wá. Wọ́n tò síta. Ìyá rẹ, Rosaline, jáde lọ bá wọn, ó dì mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé. Wọ́n tún wá lọ́sẹ̀ kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn díẹ̀ ló wá. Nígbà tó yá, wọn ò wá mọ́.

Ilé yẹn dákẹ́, Àdúràolúwa. Ilé yẹn dákẹ́! Bí ṣíbí bá bọ́ nílé ìdáná, a máa ń fò sókè. Bàbá rẹ á jókòó sí bàràǹdà láti àárọ̀, ìwé ìròyìn á wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní ṣí i sí ojú ewé kejì. Kò lè pe orúkọ rẹ. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ, "ọmọ yẹn" ló ń wí.

Ṣé o lè gbà gbọ́ pé Ernest ló bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe? Ernest aládùúgbò wa, tó máa ń fi igi ìgbálẹ̀ lu ògiri nítorí ariwo ní gbogbo Sátidé, tí o ti bẹ̀ títí tí ẹ̀bẹ̀ fi sú ọ! Ó wọlé wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ yípo tí o ti lọ, ó jókòó ti bàbá rẹ.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wá ní, "mo wá fẹjọ́ sùn."

"Ẹjọ́ kí ni? Kò sí ariwo níbí mọ́."

"Ohun tí mo wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn gan-an nìyẹn. Àwọn ọmọ wa ti wà ní Kánádà, èmi àti ìyàwó mi nìkan là ń wojú ara wa. Ariwo àwọn ọmọ yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé Sátidé ti dé. Ní báyìí, gbogbo ọjọ́ ti di bákan náà. Ẹ dákun, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣí ilẹ̀kùn yẹn."

Inú bí bàbá rẹ. Ó dìde, ó wọlé, ó fi Ernest sílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni tí kò rí i. Ṣùgbọ́n ní Sátidé yẹn, ìyá rẹ wà nínú ilé, ó gbọ́ tí Pijó ń húkọ́. Ó rò pé ọkọ òun fẹ́ jáde ni. Nígbà tó yọjú, ó rí Pijó lábẹ́ igi fúrúùtù lójú títì, ó sì rí bàbá rẹ nínú gáréèjì pẹ̀lú ìgbálẹ̀, tí ó ń gbọn eruku kúrò lórí tábìlì. Ìyá rẹ mú àkísà, ó sì ń nu èkejì.

Bàbá rẹ fúnra rẹ̀ ló lọ pe àwọn ọmọ, láti ilé dé ilé nínú kílóòsì. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Abúlé Àdó, bàbá rẹ tí kò gun ọ̀kadà rí! Wọ́n sì wá.

Ohun tó tẹ̀lé e, tí o bá rí i, wàá rẹ́rìn-ín títí tí ikùn á fi dùn ọ́. Bàbá rẹ ń darí ẹgbẹ́ bí ẹni ń darí iléeṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó bá pẹ́ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Kò gbọdọ̀ sí ẹ̀rín nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ tó ń bọ̀. Bọ́ọ̀lù àkọ́gbá kan àwọ̀n kó tó rékọjá, ó ní ẹni tó gbá a ti pàdánù. Ọ̀jẹ̀túndé, ọmọ kékeré tó ń gbé iwájú ilé Ernest, ní rárá, wọ́n máa ń tún irú ìyẹn gbá ni. Wọ́n fà á títí tí ìyá rẹ fi jáde wá là wọ́n. Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn ọmọ ti ń dín kù.

Ọ̀jẹ̀túndé náà ló là á mọ́lẹ̀. "Dádì, ẹ má bínú o. Kì í ṣe báyìí ni Àǹtí Àdúrà ń ṣe é."

"Báwo ló ṣe ń ṣe é?"

"Wọ́n máa ń bá wa rẹ́rìn-ín."

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, bàbá rẹ pe Seth sí gáréèjì, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí ó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń di báàtì mú. A ń gbọ́ wọn láti inú ilé. Bọ́ọ̀lù ń bọ́ sílẹ̀ ṣáá. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ohun tí a kò tíì gbọ́ láti ọjọ́ tí o ti lọ: bàbá rẹ rẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn ni Gbémi padà dé.

O rántí Gbémi dáadáa, ọmọ Sùrájù tó ń wa ọkọ̀ ẹrù ní ọjà Trade Fair. Ó ti ga sí i. Ó ṣì tín-ín-rín bí ó ṣe wà, ẹyin ojú rẹ̀ sì pọ́n rúsúrúsú, bíi tìrẹ. Bàbá rẹ wo ojú yẹn lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ̀. Ta ni ì bá mọ̀ bí kò ṣe òun? Ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìwọ ọmọ yìí, irú ẹ̀jẹ̀ wo lo ní?"

"SS ni mí, sà."

"Máa lọ sílé. Níbí kì í ṣe ibi tìrẹ."

Gbémi kò mira. Omi ti ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mira. "Dádì, Àǹtí Àdúrà ló kọ́ mi. Wọ́n ní ara kan náà làwọn àti èmi jọ ní. Tí ẹ bá lé mi, ẹ ti lé Àǹtí náà nìyẹn."

Àdúràolúwa, ọ̀rọ̀ yẹn wọ bàbá rẹ ní ibi tí ìbánikẹ́dùn ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀ rí. Ó fi àwọn ọmọ sílẹ̀, ó wọ yàrá, ó jókòó sórí ibùsùn. Ìyá rẹ tẹ̀lé e wọlé, ó sì sọ ohun tí ó ti gbé sínú láti ọjọ́ ìsìnkú.

"Bàbá Àdúrà, ẹ gbọ́ mi. Nígbà tí ọmọ wa wà ní kékeré, inú ilé la máa ń pa á mọ́ sí. Ìfẹ́ ló mú wa ṣe é. Á dúró lẹ́nu fèrèsé, á máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níta, á máa ka ẹni tó borí fún wọn láti inú ilé, wọn ò sì gbọ́ ọ. Kí lẹ rò pé ó mú un dá ẹgbẹ́ sílẹ̀? Ọmọ tó wà níta yẹn, ẹ̀yin lẹ máa gbé e dúró lẹ́nu fèrèsé báyìí?"

Nígbà tí bàbá rẹ jáde, ife omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e fún Gbémi. "Mu ún tán. Lẹ́yìn náà, gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o." Ó sì ránṣẹ́ pe Sùrájù, kí àwọn méjèèjì lè fẹnu kò lórí ohun tí ọmọ náà lè ṣe àti èyí tí kò gbọdọ̀ ṣe.

Láti ọjọ́ náà ni igbe "Gbémi, omi!" ti gba kílóòsì kan. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ díẹ̀, bàbá rẹ á mú súẹ́tà wá. Bí Gbémi bá mí gúlegúle, á ní kó jókòó. Àwọn ọmọ ń sín in jẹ. Ernest pàápàá, láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀, á na orí sórí ògiri, á ní, "Gbémi, omi!" Ọmọ náà á sì mu ún, á máa rẹ́rìn-ín.

Ó wá di ìgbà ọyẹ́. Ìdíje kan ń bọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin, àwọn ọmọ sì ń múra kíkankíkan. Ní àárọ̀ Sátidé kan, Gbémi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, ó ju báàtì sílẹ̀, ó di itan rẹ̀ mú, ó sì rọra wó lulẹ̀. Igbe tó ké, a mọ irú igbe yẹn. Gbogbo wa nínú ilé la mọ irú igbe yẹn.

Bàbá rẹ gbé e. Bàbá àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn! Ó gbé e dé inú Pijó, Ernest bọ́ sẹ́yìn, ó gbé orí ọmọ náà lé itan, wọ́n sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Lójú ọ̀nà, Ernest ní bàbá rẹ kò sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ, ó kàn ń tún un wí ṣáá: "Jọ̀ọ́, má tún ṣe é. Jọ̀ọ́, má tún ṣe é." Ernest kò mọ̀ bóyá Gbémi ló ń bá wí, bóyá Ọlọ́run ni.

Nígbà tí Sùrájù sáré dé láti Trade Fair, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, bàbá rẹ dìde lórí àga ní kọ́rídọ̀, ó sì fẹ́ kúnlẹ̀. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún ọkùnrin tó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀!

"Ẹ foríjì mí," ló ń wí. "Èmi ni mo fà á. Mo mọ̀, mo ṣì gbà á láyè. Lónìí yìí ni mo máa ti ibẹ̀ pa."

Sùrájù di apá rẹ̀ méjèèjì mú. "Bàbá, ẹ dìde, ẹ má gégùn-ún fún mi. Ṣé ẹ rò pé ọ̀dọ̀ yín ló ti kó àìsàn ni? Lọ́dún tó kọjá, orí ẹní nínú ilé ló wà tí ìrora yìí fi mú un. Kò gbá bọ́ọ̀lù kankan. Nígbà tí mo tì í mọ́lé, ó ń ṣàìsàn, ó tún ń banú jẹ́. Ní báyìí, ó ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bá mi sọ̀rọ̀, ó ti ń sọ fún mi nípa ohun tó fẹ́ dà. Ẹ ò lè ti àìsàn pa, bàbá. Tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn yẹn, ẹ̀rín ọmọ mi nìkan lẹ máa tì pa."

Ibẹ̀ ni, Àdúràolúwa. Ní kọ́rídọ̀ ilé ìwòsàn, lọ́sàn-án gangan, lórí èjìká awakọ̀ Trade Fair, ni bàbá rẹ ti sunkún rẹ. Ó sunkún débi pé nọ́ọ̀sì rò pé òun ni bàbá aláìsàn. Ó pe orúkọ rẹ. Ó pè é léraléra, Àdúràolúwa, Àdúràolúwa, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ohùn rẹ̀ padà fún. Ohun tí dókítà ti sọ fún un láti ọjọ́ yìí, ìgbà yẹn ló wọ̀ ọ́ létí. Àwọn Sátidé wọ̀nyẹn kò pa ọ́. Àwọn Sátidé wọ̀nyẹn lo fi gbádùn ayé rẹ.

Gbémi sì padà wálé! Ó padà wálé, Àdúràolúwa! Ó rù, ojú rẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ kílóòsì. Kò gbá bọ́ọ̀lù níbi ìdíje yẹn. Orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí, ó ti wé súẹ́tà mọ́ra, ó ń kígbe mọ́ Ọ̀jẹ̀túndé bí ẹni pé òun ni kóòṣì. Ipò kejì la ṣe. Ipò kejì! Bí bàbá rẹ ṣe jó lọ́jọ́ náà, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé a gba ife àgbáyé.

Báyìí ni ẹgbẹ́ rẹ ṣe wà lónìí. Gáréèjì ti kéré jù, àwọn tó ń ṣe eré orí ìtàgé ti kó lọ sí àgbàlá Ernest, ìyàwó rẹ̀ sì ń se sóbò fún wọn. Gbémi ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ọ̀jọ́. Ìrora náà ṣì máa ń mú un nígbà mìíràn, a kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá ti le, ó ń wá kọ́ àwọn kékeré. Sùrájù ló ń bá wa tún tábìlì ṣe bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yẹ̀. Àwọn òbí méjì mìíràn tí ọmọ wọn ní irú ara tí o ní ti wá béèrè bóyá a lè gbà wọ́n, bàbá rẹ ló sì jáde lọ pàdé wọn pẹ̀lú omi lọ́wọ́.

Òun náà wá yí padà. Bàtà kánfáàsì ló ń wọ̀ báyìí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ń nà án lórí tábìlì, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Bí ọmọ tuntun bá dé, ó máa ń mú un jókòó, á sọ̀rọ̀ rẹ fún un: bí o ṣe máa ń ṣe rẹfirí lórí àga, bí o ṣe máa ń jiyàn, bí o ṣe ń kọrin tí ohùn rẹ kì í lọ sí ibi tó yẹ. Ojú rẹ̀ á kún fún omi, kò sì ní nù ún.

Àròdùn rẹ kò tíì lọ, má ṣe rò bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ ṣì máa ń bu oúnjẹ, á bu tìrẹ mọ́ ọn, á wá dúró. Dammy ní òun ń gbé fóònù láti pè ọ́. Aburú ọjọ́ yẹn kò dín kù. Àwa la ń kọ́ bí a ṣe ń gbé e.

Lónìí tó pé ọdún mẹ́ta, a ti ṣètò pé láàárọ̀ la ó wá sí ibojì rẹ. Ìyá rẹ ti múra, Dammy ti gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, òdòdó ti wà nínú omi. Bàbá rẹ jáde láti yàrá pẹ̀lú kánfáàsì lẹ́sẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká lọ lọ́sàn-án," ló wí. "Sátidé ni. Àwọn ọmọ ti dé."

Gbogbo wa wo ojú ìyá rẹ. Ìyá rẹ bọ́ gèlè, ó sì lọ wá ife omi.

Nítorí náà, a máa pẹ́ kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ lónìí, olólùfẹ́ wa. Ariwo wọn pọ̀ níta báyìí débi pé a kò gbọ́ ara wa. Àárò rẹ ń sọ wá, Àdúràolúwa. Lójoojúmọ́ ló ń sọ wá. A fẹ́ràn rẹ lánàá, a fẹ́ràn rẹ lónìí, kò sì sí ọdún tí yóò mú un tán. Bí àwọn ọmọ rẹ bá ti ṣeré tán, a ń bọ̀.